Kúlà Kì í Dá Òtútù Sílẹ̀: Bí A Ṣe Lè Yan Èyí Tí Yóò Tọ́jọ́, Kí Yìnyín Má Sì Tètè Yọ́ Níta

Bí ó bá ti di agogo méjìlá ọ̀sán ní abẹ́ afárá Sángo-Ọ̀tà, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé oòrùn mú. Àwọn awakọ̀ ń pe èrò Ìdí-Ìrókò, èrò Abẹ́òkúta àti èrò Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó jáde fún ìsinmi ọ̀sán ní àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń wá ohun tútù tí wọn yóò mu. Àwọn tí ń ta omi inú ọ̀rá, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, sóbò àti ẹja dídì sì jókòó ti kúlà wọn ní etí títì. Fún púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí, kúlà náà ni ṣọ́ọ̀bù, òun náà ni ilé ìkẹ́rùsí. Bí yìnyín inú rẹ̀ bá yọ́ tán kí ọjà tó tán, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà ni yóò kù nílẹ̀, ẹja yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Owó tí ì bá di èrè ni ó bá yìnyín yọ́ lọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà nìkan. Ẹni tí ó ń ṣe ìkómọ ní ojúde ilé rẹ̀, ìyá tí ó ń gbé oúnjẹ ọmọ lọ sí ọ̀nà jíjìn, àti aláìsàn àtọ̀gbẹ tí kò fẹ́ kí oògùn rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí iná bá lọ, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nítorí náà ni a ṣe kó àlàyé yìí jọ fún ẹ̀yin olùgbé Ìpínlẹ̀ Ògùn, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé tàbí tí ẹ ń ṣòwò ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, kí ẹ lè mọ irú kúlà tí ó yẹ kí ẹ fi owó yín rà, kí ẹ sì mọ bí yìnyín tí a mọ̀ sí áìsì ṣe lè pẹ́ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí kúlà ń ṣe

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mú kúrò lọ́kàn ni èrò pé kúlà ni ó ń mú nǹkan tutù. Kúlà kì í ṣe ẹ̀rọ. Kò lo iná, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì lè dá òtútù kankan sílẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀, òun náà ni kí ó dí ooru lọ́nà. Ẹ wo kúlà tí a ń kó ìrẹsì sí níbi ìnáwó. Kúlà tí ó jẹ́ kí ìrẹsì gbóná títí di ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ ìgbéyàwó, òun kan náà ni ó lè jẹ́ kí omi tutù títí di ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí ìrẹsì wà nínú rẹ̀, kò jẹ́ kí ooru jáde. Nígbà tí yìnyín wà nínú rẹ̀, kò jẹ́ kí ooru wọlé.

Bí Olódùmarè ṣe dá ayé ni pé ooru máa ń kúrò níbi tí ó gbóná lọ sí ibi tí ó tutù. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó sì ń gbà wọ inú kúlà. Ó ń gba ara ògiri, ìdí àti ìdérí kúlà wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó ń bá afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí a bá ṣí ìdérí, tàbí nígbà tí ìdérí kò bá pa dé dáadáa. Ó sì ń bá ìtànṣán oòrùn wá, èyí tí ń mú kí ara kúlà gbóná ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Gbogbo ìmọ̀ràn tí ó wà nínú àlàyé yìí kò ju bí a ṣe lè pa ẹnu ògiri náà dé lọ.

Yìnyín fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí kílò 1 yìnyín tó lè yọ́ tán, ooru tí yóò gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí yóò mú kílò 1 omi kúrò ní dígírì 0 dé dígírì 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá sì ṣì kù nínú kúlà, ohun tí ó wà láàrin rẹ̀ kò ní gbóná púpọ̀ ju dígírì 0 lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti dá yìnyín sí, ohun gbogbo tí ó wà nínú kúlà ni a dá sí.

Ẹ̀rí agbára yìnyín wà nínú ìtàn. Ní ọdún 1833, oníṣòwò kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Frederic Tudor, di yìnyín tí wọ́n gé lójú adágún omi sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì fi ránṣẹ́ sí ìlú Calcutta ní Íńdíà. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ náà lò lójú òkun, tí ó ń la ibi tí ooru ti pọ̀ jù lọ ní ayé kọjá, síbẹ̀ ó ju ìdajì yìnyín náà lọ tí ó gúnlẹ̀ láìyọ́. Kò sí fíríìjì lójú òkun nígbà náà. Ohun tí Tudor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbójú lé ni pé kí yìnyín náà pọ̀ lójú kan, kí wọ́n tò ó kí ó fara mọ́ra, kí wọ́n sì fi nǹkan gbígbẹ bí ìyẹ̀fun pákó tàbí koríko yí i ká kí afẹ́fẹ́ má baà rí àyè dé ibẹ̀. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi yìí náà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún kúlà etí títì.

Bí a ṣe lè yan kúlà tí yóò tọ́jọ́

Ìnípọn ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe àwọ̀ tàbí àwòrán ara rẹ̀. Kúlà tí ó dára ní ògiri méjì tí fóòmù kún àárín wọn. Iye afẹ́fẹ́ kéékèèké tí fóòmù náà há mọ́ inú ni ó ń dí ooru lọ́nà. Bí ìnípọn fóòmù bá di ìlọ́po méjì, ooru tí ń gba ara ògiri wọlé yóò dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ fi ìka kan ara kúlà kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ń dún kokoko bí agbè òfìfo, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán ni ó wà láàrin ògiri rẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti kan ìdérí náà, nítorí ọ̀pọ̀ kúlà ni ó ní fóòmù lára ṣùgbọ́n tí ìdérí rẹ̀ ṣófo, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdérí ni oòrùn ń pa jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí ìdérí ṣe pa dé sí. Ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ kan sí etí kúlà, ẹ pa ìdérí dé lé e, kí ẹ sì fà á. Bí ìwé náà bá yọ́ jáde wẹ́rẹ́ láìsí ìdíwọ́, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò máa gbà wọlé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí gbogbo etí rẹ̀ ká. Ẹni tí ó bá ti ní kúlà nílé lè dán an wò lálẹ́ nípa títan iná tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí ó pa ìdérí dé, kí ó sì pa iná yàrá. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni ihò wà. Èyí tí ó bá ní rọ́bà rírọ̀ létí ìdérí bíi ti fíríìjì ni ó dára jù.

Ohun kẹta ni àwọn ibi tí kúlà ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìdìmú, àgbékọ́ ìdérí àti ìdí ihò tí omi ń gbà jáde ni wọ́n, kì í sábà jẹ́ ara kúlà gan-an. Ẹ gbé kúlà náà sókè nígbà tí nǹkan wúwo bá wà nínú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìdìmú rẹ̀ ń tẹ̀. Kúlà tí ó gba lítà 50 yóò wúwo tó kílò 50 bí omi àti yìnyín bá kún inú rẹ̀, nítorí náà ìdìmú tí wọ́n fi ìṣó tín-ín-rín kan mú lè já láàrin ọjà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á bóyá a lè rí ìdìmú tàbí ìdí mìíràn rà bí èyí tí ó wà lára rẹ̀ bá bàjẹ́. Kúlà tí a lè tún ṣe sàn ju èyí tí a óò sọ nù nítorí rọ́bà kékeré kan.

Ohun kẹrin ni ìwọ̀n rẹ̀. Kúlà tí ó tóbi ju ẹrù lọ ń fi yìnyín ṣòfò, nítorí àyè òfìfo inú rẹ̀ ni yìnyín yóò kọ́kọ́ máa bá jà. Ẹ ra èyí tí ẹrù yín ojoojúmọ́ lè kún. Bí ẹrù bá ń pọ̀ ní ọjọ́ kan tí ó ń dín kù ní ọjọ́ kejì, kúlà méjì tí kò tóbi sàn ju ńlá kan ṣoṣo lọ.

Àpótí fóòmù funfun fífúyẹ́, irú èyí tí a fi ń di ẹja láti ọ̀nà jíjìn, kì í wọ́n, ó sì ń dí ooru lọ́nà dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé ó tètè ń fọ́, òórùn sì máa ń mọ́ ọn lára. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó kúlà ńlá lè kan àpótí pákó yí i ká, kí ó tẹ́ aṣọ sáàárín wọn, yóò sì rí i pé yóò tọ́jọ́ ju bí ó ti rò lọ.

Àpótí tí kò yẹ kí a lò

Ní agbègbè tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí bí Ọ̀tà, kì í ṣòro láti rí dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì ńlá tí wọ́n ti fi kó kẹ́míkà, ọ̀dà, gọ́ọ̀mù tàbí èròjà ọṣẹ rà ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn kan máa ń gé e sí méjì, wọn a fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, wọn a sì sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń mú omi àti ohun mímu tutù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ike máa ń fa kẹ́míkà mọ́ra, ọṣẹ kò sì lè fọ ohun tí ó ti wọ inú ara ike jáde. Bí yìnyín bá ṣe ń yọ́ nínú rẹ̀ ni ohun tí ó fara pamọ́ náà yóò máa wọ inú omi. Àìlóòórùn rẹ̀ kò fi hàn pé ó mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni kí a fi kó oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nípa fírísà tí ó ti bàjẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń fi ṣe kúlà. Fóòmù ara rẹ̀ nípọn, ó sì ń pa yìnyín mọ́ dáadáa, nítorí náà ọgbọ́n tí ó wúlò ni. Ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí onímọ̀ tí ń tún fíríìjì ṣe kọ́kọ́ tú gáàsì àti ẹ̀rọ inú rẹ̀ kúrò. Kí a sì yọ àgádágodo àti ohun tí ń há ìdérí rẹ̀ mọ́ra kúrò pátápátá. Ọmọdé tí ó bá wọ inú rẹ̀ níbi eré, tí ìdérí sì pa dé mọ́ ọn lórí, kò ní pẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó tán fún un, fóòmù náà kò sì ní jẹ́ kí a gbọ́ igbe rẹ̀. Bí ọjà bá tú, ẹ dojú fírísà bẹ́ẹ̀ bolẹ̀ tàbí kí ẹ fi okùn dì í kí ọmọdé má baà lè ṣí i.

Bí a ṣe ń to ẹrù àti yìnyín

Kí ẹrù tó wọ inú kúlà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kúlà tí ó ti wà nínú oòrùn tàbí nínú yàrá gbígbóná láti àná ti gba ooru sí ara ògiri rẹ̀. Bí a bá da yìnyín tuntun sí i lójijì, apá kan nínú yìnyín náà yóò kọ́kọ́ ṣòfò lórí ara kúlà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé kúlà sí ibi tútù ní alẹ́, ẹ da omi tútù tàbí àfọ́kù yìnyín díẹ̀ sínú rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tó to ẹrù.

Ẹrù náà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Igo ohun mímu 24 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba sẹ̀ǹtílítà 50 jẹ́ lítà 12. Bí a bá kó wọn láti inú páálí tí ó wà ní dígírì 30, tí a sì fẹ́ kí wọ́n tutù dé dígírì 5, yìnyín tí yóò yọ́ lórí iṣẹ́ yìí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 4, kí kúlà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá oòrùn jà rárá. Bí iná bá wà lóru, ẹ kó igo sínú fíríìjì kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí kò bá sí, ẹ rì wọ́n sínú agbada omi tútù fún ìgbà díẹ̀. Owó áìsì tí ẹ ó máa rà lójúmọ́ yóò dín kù.

Irú yìnyín tí ẹ rà pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ẹ wo òkúta yìnyín kan tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Ìwúwo rẹ̀ lé díẹ̀ ní kílò 7. Bí a bá là á sí ọ̀nà mẹ́jọ tí ó dọ́gba, ìwúwo rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ojú tí ooru lè gbà bá a ti di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, odindi òkúta yìnyín ni ó ń pẹ́. Àfọ́kù ni ó ń tètè mú nǹkan tutù. Ọlọ́jà tí ó gbọ́n yóò ra méjèèjì. Yóò fi òkúta ńlá sí ìdí kúlà, yóò to ẹrù lé e, yóò sì da àfọ́kù bo orí wọn, nítorí afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju ti gbígbóná lọ, ìsàlẹ̀ ni ó sì ń wọ́ sí. Bí àyè bá ṣẹ́ kù lókè, kí ó fi aṣọ mímọ́ dí i.

Bí ẹ bá ń di yìnyín fúnra yín nínú ìgò ike, ẹ má ṣe kún un dé ẹnu. Omi máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ó bá dì, ìgò tí kò sì sí àyè nínú rẹ̀ yóò là. Ẹ má ṣe lo ìgò gíláàsì fún iṣẹ́ yìí rárá.

Bí yìnyín ṣe lè pẹ́ níta

Ibòòji ni oògùn àkọ́kọ́. Òkè kúlà aláwọ̀ dúdú tí oòrùn ọ̀sán ń pa lè gbóná ju dígírì 50 lọ, nígbà tí afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ kò ju dígírì 32 tàbí 33 lọ. Àwọ̀ funfun máa ń dá púpọ̀ nínú ìtànṣán padà. Ẹni tí kúlà rẹ̀ bá dúdú lè fi aṣọ funfun bò ó. Kí agbòòrùn wà lórí kúlà kí ó tó wà lórí ọlọ́jà, kí a sì máa sún un bí oòrùn bá ṣe ń yí.

Ẹ má ṣe gbé kúlà lé orí títì ọlọ́dà tàbí kọnkéré tí oòrùn ti pa. Ooru ilẹ̀ yóò máa gba ìdí rẹ̀ wọlé láìdúró. Páléètì onípákó, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń to ẹrù, tàbí pákó méjì tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí àyè gba abẹ́ kúlà kọjá. Ẹ má sì fi kúlà sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ tí ó dúró sínú oòrùn, nítorí inú búùtù máa ń gbóná ju ìta lọ.

Ọ̀rọ̀ ìdérí ni ó le jù fún ọlọ́jà, nítorí kò lè tajà láìṣí i. Nígbàkigbà tí a bá ṣí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó rù omi yóò wọlé, yóò sì fi ooru rẹ̀ lé yìnyín lọ́wọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kúlà méjì. Kí kékeré wà níwájú fún títà, kí ńlá wà lẹ́yìn ní ibòòji fún ìpamọ́, kí a má sì ṣí ńlá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin wákàtí méjì. Ẹni tí kúlà kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tẹ́ àpò ìdọ̀họ tí ó mọ́ lé orí yìnyín lábẹ́ ìdérí, kí ó máa ká igun kan sókè bí ó bá ń mú ọjà. Kí ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè jù wà lókè, kí a má baà máa tú kúlà wò pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá kí àwọn fi omi rin àpò ìdọ̀họ tí àwọn fi bo ara kúlà. Ìdáhùn náà dá lórí ìgbà. Omi tí ó bá ń gbẹ kúrò lára nǹkan máa ń mú ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí àmù amọ̀ àwọn ìyá wa ṣe ń mú omi tutù nìyẹn. Òun náà ni olùkọ́ kan láti ìhà Àríwá ilẹ̀ wa, Mohammed Bah Abba, lò nígbà tí ó ṣe ìkòkò nínú ìkòkò tí iyanrìn tútù wà láàrin wọn láti fi tọ́jú ewébẹ̀ àti èso, tí ó sì gba Àmì-Ẹ̀yẹ Rolex ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí nílò afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ní àsìkò ọyẹ́, aṣọ tútù lára kúlà tí ó wà ní ibòòji yóò ràn yín lọ́wọ́. Ní àsìkò òjò, nígbà tí ọ̀rinrin bá ti kún afẹ́fẹ́ Ọ̀tà, àǹfààní rẹ̀ kò tó nǹkan. Àpò gbígbẹ ni ó dára jù nígbà náà.

Nípa iyọ̀, ẹ má ṣe gbà pé ó ń jẹ́ kí yìnyín pẹ́. Iyọ̀ máa ń mú kí yìnyín tutù ju dígírì 0 lọ, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ó tètè yọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó fẹ́ kí nǹkan tutù kíákíá lè lò ó; ẹni tí ó fẹ́ kí yìnyín rẹ̀ di alẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹja, ẹran àti oúnjẹ

Bí ohun mímu nìkan ni ó wà nínú kúlà, kò sí ìdí láti máa da omi yìnyín tí ó yọ́ nù. Omi náà ṣì tutù gan-an, ó sì ń dí àyè tí afẹ́fẹ́ ì bá gbà. Ṣùgbọ́n ti ẹja àti ẹran yàtọ̀. Títùs, kòtè, pánlá tàbí ṣáwá tí ó bá ń wẹ̀ nínú omi ẹ̀jẹ̀ yóò rọ̀, kòkòrò àrùn yóò sì máa ti ara ọ̀kan ran èkejì. Ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀ kí omi máa ṣàn jáde, kí ẹ sì fi yìnyín tuntun rọ́pò rẹ̀. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ìlànà tí àwọn onímọ̀ ẹja ń tẹ̀ lé ni kí ìwúwo yìnyín tó ìwúwo ẹja: kílò 10 yìnyín fún kílò 10 ẹja. Kí ẹja tútù àti ohun mímu má sì wà nínú kúlà kan náà láé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí oúnjẹ tí ó tètè ń bàjẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ dígírì 5 tàbí kí ó gbóná ju dígírì 60 lọ, kí oúnjẹ sísè má sì wà níta láìsí ìtọ́jú fún ohun tí ó ju wákàtí 2 lọ. Àárín dígírì 5 sí 60 ni kòkòrò àrùn ti ń bí sí i. Nígbà tí yìnyín bá ti yọ́ tán, tí omi inú kúlà sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má ṣe tún yìnyín mìíràn dà lé ẹja tí ó ti rọ̀ kí ẹ lè tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Yìnyín tuntun kò lè sọ ohun tí ó ti bàjẹ́ di ọ̀tun.

Omi tí a fi ṣe yìnyín

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Dídì kì í pa púpọ̀ nínú kòkòrò àrùn. Ńṣe ni wọ́n ń sùn nínú yìnyín, tí wọn yóò sì jí nígbà tí ó bá yọ́. Yìnyín tí a fi omi kànga aláìmọ́ ṣe lè gbé àrùn onígbáméjì tàbí ibà jẹ̀funjẹ̀fun wọ inú ife ẹni tí ó mu ún. Bí yìnyín bá máa wọ inú ohun mímu, omi tí ó mọ́ tó mímu ni kí a fi ṣe é. Èyí tí a kò bá mọ orísun rẹ̀, ìta igo ni kí ó mọ. Omi kúlà tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn ti ń wọ̀ láti àárọ̀ kò sì yẹ fún mímu. Ẹ nu ẹnu igo tàbí etí ọ̀rá omi dáadáa kí ẹ tó gbé e sẹ́nu.

Oògùn àti àjẹsára

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ínsúlínì tí a kò tíì ṣí ni ó yẹ kí ó wà láàrin dígírì 2 sí 8. Ẹ kíyè sí i pé dígírì 0 kò sí nínú rẹ̀. Ínsúlínì tí ó bá dì ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àjẹsára kan, bí àpẹẹrẹ ti àrùn ẹ̀dọ̀ onípò B. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kì í fi gbé àpò yìnyín láti inú fírísà sínú àpótí àjẹsára tààrà. Wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ títí omi yóò fi máa mì nínú rẹ̀ bí a bá jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó ń tọ́jú ínsúlínì nílé nígbà tí iná bá lọ gbọ́dọ̀ fi aṣọ nípọn di oògùn náà kí ó má fara kan yìnyín, kí ó sì tẹ̀ lé ohun tí a kọ sí ara páálí rẹ̀. Bí ó bá ṣe yín bí ẹni pé ó ti dì rí, ẹ má ṣe lò ó. Ẹ mú un lọ fi han apòògùn tàbí dókítà yín.

Ìtọ́jú kúlà

Kúlà kì í tọ́jọ́ nípa rírà nìkan. Bí ọjà bá tán, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́ títí kan rọ́bà etí ìdérí àti inú ihò ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń fara pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ lóru, àyàfi bí ọmọdé bá lè wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe wọ́ ọ nílẹ̀, ẹ má sì jókòó lé ìdérí rẹ̀. Ìdérí tí ó bá ti tẹ̀ kò ní pa dé mọ́. Bí ògiri bá sán, ẹ tètè dí i, nítorí omi tí ó bá wọ inú fóòmù yóò sọ ọ́ di aláìlágbára láti dènà ooru.

Ní òpin ọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ra yìnyín púpọ̀ jù ni ọjà rẹ̀ ń tutù di alẹ́, bí kò ṣe ẹni tí kò fún ooru láyè. Kúlà tí ògiri rẹ̀ nípọn, ìdérí tí ó pa dé, ẹrù tí ó ti tutù kí ó tó wọlé, odindi òkúta yìnyín, ibòòji, àti pákó lábẹ́ rẹ̀: kò sí èyí tí ó ju agbára ọlọ́jà kékeré lọ nínú wọn. Bí ẹ bá sì rí ẹnikẹ́ni tí ó ń fi omi aláìmọ́ ṣe yìnyín tà tàbí tí ó ń fi dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà tọ́jú ohun jíjẹ àti mímu ní àdúgbò yín, ẹ lọ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká létí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí ó sún mọ́ yín. Ọmọ yín tàbí ti aládùúgbò yín lè jẹ́ ẹni tí yóò ra ife omi tí ó kàn.